Àdúgbò Tó Wà Lábẹ́ Tàdáwà

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n bí mi sí lórí máàpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọdún tó ń wá. Mi ò ṣàwàdà. Òkè ò lẹ́sẹ̀, odò kì í ṣílé, síbẹ̀ ẹkùn ìdìbò wa rìn ju alájàpá lọ. Kí n tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ti yà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ìgbà kẹrin náà sì ni ọwọ́ tèmi wọ̀ ọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti kúrò níbẹ̀. Irun mi ti di òwú, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé bébà àti pẹ́ńsù fún mi báyìí, màá ya ẹkùn náà láìgbọ́wọ́ sókè, tòun ti gbogbo kọ́lọkọ̀lọ rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ yà á wá láti olú-ìlú nínú mọ́tò, wọn ò sì sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi odò ṣe ààlà lápá kan, wọ́n fi ojú irin rélùwéè ṣe ààlà lápá kejì, wọ́n ní ó parí. Ká sọ tòótọ́, ọgbọ́n díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Àwọn abírikì tó ń mọ bíríkì létí odò, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn àgbẹ̀ orí òkè, gbogbo wọn wà lójú kan, wọ́n sì jọ ń bú aṣòfin kan ṣoṣo. Ìdìbò kejì dé, àwọn abírikì ò dìbò fún ẹgbẹ́ tó wà lórí àga. Ẹgbẹ́ náà ò jà, wọn ò sì pariwo. Wọ́n kàn ní àwọn fẹ́ tún máàpù tò, ni wọ́n bá la àdúgbò àwọn abírikì sí méjì bí ẹni la búrẹ́dì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jà, tí ìyàwó kó lọ sí òdìkejì títì. Nígbà tí máàpù jáde, aṣòfin ọ̀tọ̀ ni ti bàbá, ọ̀tọ̀ ni ti ìyàwó. Bàbá ní ọ̀rọ̀ àwọn ti kúrò ní ti ẹbí, ìjọba ti fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kejì gorí àga, wọ́n rán àwọn abírikì pọ̀ padà, wọ́n sì gé òkè dànù, torí àwọn àgbẹ̀ ò ṣe tiwọn. Ìgbà kẹrin ló wá burú jù. Wọ́n fẹ́ kó bárékè àwọn sọ́jà mọ́ wa, torí tiwọn làwọn sọ́jà ń ṣe, bárékè náà sì jìnnà sí wa tó máìlì mẹ́fà. Ni wọ́n bá fa ilẹ̀ tóóró kan jáde láti etí odò títí dé ẹnu géètì bárékè, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbé orí rẹ̀ àfi ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n lẹ máàpù mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú, àwọn èèyàn wò ó títí, wọ́n dorí kodò wò ó, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ṣòkòtò Ẹlẹ́sẹ̀-Kan. Orúkọ yẹn ni èmi náà fi ń pè é, òun náà ló ṣì ń jẹ́ nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.

Èmi ni mo fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́.

Ọ́fíìsì àwa tó ń ya máàpù fún ìjọba wà ní àjà kejì, lókè ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé-àṣẹ kẹ̀kẹ́. Tábìlì márùn-ún, fèrèsé mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ò ṣeé ṣí láti ìgbà tí wọ́n ti kun ún. A kì í ya máàpù láti orí ilẹ̀. Bébà fẹ́lẹ́ kan tó máa ń fi ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn la máa ń tẹ́ lé orí máàpù àtijọ́, a ó fi irin wúwo tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó wá máa tọ ìlà ẹni tó ṣáájú wa bí ajá ṣe ń tọ òórùn. Ibi tí òfin tuntun bá ní ká yà, a ó yà. Tí ẹni ìṣáájú bá ti ṣìnà, a ó bá a ṣìnà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nínú àwa tó ń yà á, kò sí ẹni tó ń lọ wo ilẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo béèrè bóyá màá lè lọ wo ibi tí mò ń yà, gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín.

Kálámù wa ní nọ́ńbà. Ti ààlà ẹkùn ni nọ́ńbà kìn-ín-ní, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí irun; bí nọ́ńbà bá ṣe ń gòkè ni ẹnu ń nípọn sí i. Lọ́sẹ̀ tí mò ń ya Ṣòkòtò Ẹlẹ́sẹ̀-Kan, ẹnu tèmi kán. Mo lọ bá Baba Sítọ́ọ̀, tó ń tọ́jú ohun èlò wa.

"Baba, ẹnu kálámù mi ti kán."

"Kọ fọ́ọ̀mù."

"Ọjọ́ wo lòmíràn máa dé?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyẹn tí fọ́ọ̀mù ẹ ò bá sọnù, ó sì máa ń sọnù."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọ̀gá fún mi, Baba."

"O ò ṣe lọ sọ fún Ọ̀gá kó wá fi eyín ẹ̀ ya á? Gba nọ́ńbà kẹrin yìí. Ìlà ni ìlà ń jẹ́."

Mo gba nọ́ńbà kẹrin. Ìlà náà dúdú, ó dán, Ọ̀gá sì yìn ín pé ó hàn ketekete. Ó buwọ́ lù ú. Orúkọ Ọ̀gá nìkan ló máa ń wà lórí máàpù. Àwa tí a yà á, a kì í fi orúkọ síbẹ̀.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí mò ń pè ní Àǹtí mi, ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Agbẹ̀bí ni. Ó fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù mí lọ, òun ló sì tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Ó ń gbé ní àdúgbò kan létí odò, ilé bí ogójì tí wọ́n kọjú síra wọn. Ojú àdúgbò yẹn ti rí màbo. Dípẹ́ńsárì wọn ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ bá aṣòfin wa, ó ní àdúgbò náà kì í ṣe tòun, kí wọ́n lọ bá ti ẹkùn ìlà-oòrùn. Aṣòfin ìlà-oòrùn ní òun ò mọ̀ wọ́n rí. Lọ́jọ́ ìdìbò tó kọjá, wọ́n tò sórí ìlà lápá kan, wọn ò bá orúkọ wọn. Wọ́n sáré lọ sí apá kejì, wọn ò bá a. Gbogbo èèyàn gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ Oníplánkì ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe aṣòfin wa, torí plánkì ló ń tà kó tó dé orí àga. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ bá wọn bú u.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí mi ń fọ abọ́ ìgbẹ̀bí rẹ̀ nínú omi gbígbóná, ó ní, "Àbúrò, mo fẹ́ du àga yẹn."

"Àga wo?"

"Ti Oníplánkì. Àbí o ti gbọ́ kí n máa pariwo lórí àga mìíràn?"

"Àǹtí mi, ta ló máa dìbò fún yín?"

"Ìdajì wọn, ọwọ́ mi ni wọ́n bọ́ sí. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá wọn nídìí kí wọ́n tó ké."

"Ìdí yẹn gan-an ló máa jẹ́ kí wọ́n dìbò fún Oníplánkì."

Ó ta omi abọ́ náà sí mi lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣeré. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ọgbọ̀n èèyàn bá a fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa dáwọ́ gbígba orúkọ àwọn olùdíje dúró, fọ́ọ̀mù náà padà wá. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí etí rẹ̀: ilé yìí kò sí ní ẹkùn kankan. Ọjọ́ Ẹtì, ní agogo méjìlá ọ̀sán, ni ìparí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá wọlé nígbà yẹn, ó di ọdún márùn-ún.

Ó gun àtẹ̀gùn wá sí ọ́fíìsì wa. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ kí n tó rí i. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà ka iwájú Ìyá Orúkọ, ìyẹn akọ̀wé tó ń pín àdúgbò sínú ìwé àwọn olùdìbò.

"Ẹ bá mi wò ó, ìyá. Wọ́n ní mi ò sí níbikíbi."

Ìyá Orúkọ wọ gíláàsì rẹ̀. "Kì í ṣe pé ẹ ò sí. Ẹ wà."

"Níbo?"

"Lábẹ́ ìlà. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n wo máàpù. Àdúgbò tó bá bọ́ sọ́tùn-ún, ìwé ọ̀tún. Tó bá bọ́ sósì, ìwé òsì. Tiyín wà lábẹ́ ìlà. Mi ò ní ìwé kankan fún abẹ́ ìlà."

"Ṣé ìlà máa ń ní abẹ́ ni?"

"Tiyín ní."

Mo dìde. Mo fa máàpù náà jáde nínú dúrọ́ọ̀, mo gbé díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Níbi tí odò ti yà, ìlà mi nípọn bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Lórí máàpù yẹn, ìlà tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ ń bo ilẹ̀ tó tó ogójì ìṣísẹ̀. Àdúgbò Àǹtí mi kò sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ṣe wọ́n ní ibi. Oníplánkì tí a ti ń ṣépè fún kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo da tàdáwà sórí ilé ẹni tó tọ́ mi.

Mo ti dúrọ́ọ̀ padà, mo sọ fún Àǹtí mi pé màá bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí mo wọlé. Mo ro ẹjọ́ náà bí ẹni pé mo kàn ṣàdédé rí i.

"Oríṣi àṣìṣe méjì ló wà," ó ní. "Àṣìṣe òfin, ilé aṣòfin ló ń tún un ṣe, ìyẹn sì gba odidi ọdún. Àṣìṣe ọwọ́, ọjọ́ kan péré ni. Kí ẹni tó ya á kọ ìwé pé ọwọ́ òun ló ṣe é, kó buwọ́ lù ú, a ó tún un fà, Ìyá Orúkọ á kó gbogbo àdúgbò sínú ìwé kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹni tó bá kọ ìwé náà ńkọ́, sà?"

"O mọ̀ ọ́n. Ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ rí."

Mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó wà ní tábìlì tó kàn mí tẹ́lẹ̀ gbàgbé láti ya adágún omi kan, ó sì fi òtítọ́ inú kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní wọ́n mọ rírì òtítọ́ rẹ̀, kó máa lọ sílé.

Ọ̀gá wo ojú mi. "Ta ló ya èyí? Ó ti pẹ́, mi ò rántí mọ́."

"Èmi náà ò rántí, sà."

Gbólóhùn yẹn ni mo sọ. Mo ti gbé e kiri láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ibi tí màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.

Torí pé ojú ń tì mí, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ kíákíá. Òfin ní ibi tí èèyàn bá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ni ibùgbé rẹ̀. Mo wọn máàpù wò dáadáa: ilé Àǹtí mi wà lábẹ́ ìlà, ṣùgbọ́n yàrá èédú tó wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yọ jáde sí inú ẹkùn wa pẹ̀lú ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Mo sáré lọ bá a.

"Ẹ máa sùn síbẹ̀, Àǹtí mi. Fún ọjọ́ díẹ̀ ni."

"Nínú èédú?"

"A ó gbá a."

"Èmi agbẹ̀bí, tí mo máa ń sọ fún àwọn abiyamọ pé kí wọ́n jìnnà sí ìdọ̀tí?"

"Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e."

"Àwọn ará àdúgbò tó kù ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọlé, ẹ ó tún tiwọn ṣe láti inú ilé aṣòfin."

Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa náà." Ó gbà mí gbọ́. A jọ gbé bẹ́ẹ̀dì náà la ẹ̀yìnkùlé kọjá, èmi ní ibi orí, òun ní ibi ẹsẹ̀. Baba Ṣúmékà, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiẹ̀, gbé bàtà tó ń rán sílẹ̀, ó wá wo wá.

"Ìyá agbẹ̀bí, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ bẹ́ẹ̀dì?"

"Ó ń kó lọ sínú ẹkùn ìdìbò."

"Ṣé àyè ṣì wà? Mo lè gbé tèmi wá. Ẹ jẹ́ ká kúkú kó bẹ́ẹ̀dì gbogbo àdúgbò síbẹ̀, ká máa sùn lórí ara wa bí àpò sìmẹ́ńtì."

Ní ọjọ́rú, awọnlẹ̀ wá láti ọ́fíìsì wa pẹ̀lú téèpù, kó lè mọ̀ bóyá ibùgbé tuntun tó kọ sí fọ́ọ̀mù wà nínú ẹkùn lóòótọ́. Ọkùnrin tó lọ́ra ni, ó máa ń tún nǹkan wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wọn láti ògiri ìkángun, ó la ilé kọjá, ó la ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó tẹ orí ba wọ yàrá èédú. Àǹtí mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó káwọ́, èédú wà ní imú rẹ̀.

"Ṣé ibí lẹ ń gbé, ìyá?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó wá ṣeré níbí?"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ló ń gbé. Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo méjìlá lù, wọ́n gba orúkọ rẹ̀ wọlé. Òun nìkan. Àdúgbò tó kù ṣì wà lábẹ́ tàdáwà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rìn kiri wá ìbò. Ó gun òkè, ó dé ìsọ̀ àwọn abírikì, ó dé ìdí rélùwéè, ó tiẹ̀ rin ilẹ̀ tóóró yẹn dé bárékè pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí òun lè mọ ibi tí wọ́n ti rí ìwà ọ̀dájú bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ ìdìbò, mo lọ jókòó sí àdúgbò rẹ̀. Wọ́n gbé àga síta, wọ́n ń wò bí àwọn ará títì kejì ṣe ń kọjá lọ dìbò. Baba Ṣúmékà wọ aṣọ tó dára jù, kò rí ibi tó máa wọ̀ ọ́ lọ.

"Ó yẹ kí wọ́n gbé àpótí kan wá fún wa ká máa wò ó," ó ní. "Bó bá ṣófo náà, kò burú."

Láìka Àǹtí mi, èèyàn méjìléláàádọ́fà ló tó ìbò dì ní àdúgbò yẹn. Àǹtí mi fi ìbò mọ́kàndínlógójì pàdánù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà sílé. Mo di ibi orí mú. A dé ìdajì ọ̀nà kí ẹnu mi tó ṣí.

"Àǹtí mi, èmi ni mo ya ìlà yẹn."

"Ìlà wo?"

"Èyí tó wà lórí ilé yín. Kálámù mi kán, mo lo èyí tó nípọn."

Ó gbé ibi ẹsẹ̀ sílẹ̀. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ Ajé tẹ́ ẹ wá sí ọ́fíìsì."

"Ká tó gbé bẹ́ẹ̀dì yìí?"

"Ká tó gbé e."

"Ṣé ọ̀nà wà tó o lè fi tún un ṣe?"

"Ìwé kan ni. Ṣùgbọ́n wọ́n máa lé mi."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì náà láàárín ẹ̀yìnkùlé. Ó ń fi àtàǹpàkò yọ èédú kúrò nínú èékánná rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Méjìléláàádọ́fà," ó ní. "Ká tiẹ̀ ní ìdajì wọn jókòó sílé."

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

"Ìbò kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá du nǹkan lè pàdánù ẹ̀. Ìwọ lo dúró síbí, o bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì sínú èédú, o tún ń sọ fún mi pé kí n tẹ́ aṣọ." Ó dìde. "Di orí ẹ̀ mú. Ká gbé e wọlé. Tá a bá ti gbé e wọlé, kó o lọ kọ ìwé ẹ."

Mo kọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá kà á, ó yọ gíláàsì, ó tún kà á. Ó ní, "O ì bá ti gbé èyí wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ náà. Ní ọ̀la ẹ̀, ẹlòmíràn tún ìlà fà, Ìyá Orúkọ sì kọ èèyàn méjìléláàádọ́fà sínú ìwé kó tó jẹun ọ̀sán. Ọjọ́ kan péré, bí Ọ̀gá ṣe wí. Nínú oṣù kejì ni mo wọ ọkọ̀ jáde ní ìlú, mo wáṣẹ́ lọ sí ibi jíjìn, ibi jíjìn náà sì di ilé.

Àǹtí mi ò du àga mọ́. Ó ní àwọn abiyamọ ò ní dúró de ìpolongo. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, ó kọ lẹ́tà sí mi, ojú ìwé kan péré. Ó ní wọ́n gbé àpótí ìdìbò sí ẹnu ọ̀nà Baba Ṣúmékà, baba náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà. Oníplánkì fúnra rẹ̀ wá sí àdúgbò, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ó ní òun ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ó bẹ Àǹtí mi pé kó fún òun ní ìbò rẹ̀. Àǹtí mi ní kó kọ́kọ́ jókòó, kó sọ ibi tí dípẹ́ńsárì wà. Ó ní Oníplánkì jókòó síbẹ̀ fún odidi wákàtí kan nínú oòrùn, ó ń làágùn, gbogbo àdúgbò sì dúró yí i ká, wọ́n ń retí ìdáhùn.